Etí fún ṣájà: kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì àti jẹnẹrétọ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Jẹnẹrétọ̀ Bàbá onílé ló kọ́kọ́ ké. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ìlọ̀gàrí rí mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ̀rọ á máa dún geere, bí wọ́n bá ti ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀, á kérora, á tún gbé ohùn padà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ohùn wọlẹ̀, kò gòkè mọ́. Gílóòbù pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

"Réwáyà!" Bàbá onílé kò tíì jáde síta tó ti ń pè mí. "Wá wo ohun tí àwọn kẹ̀kẹ́ yìí fi jẹnẹrétọ̀ mi ṣe."

Apá Under-G la wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Yàrá méjìlá ló wà nínú ọgbà, ṣọ́ọ̀bù méjì sì wà lójú títì. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, níbi tí mo ti ń tún ínfátà àti fáànù ṣe. Èkejì jẹ́ ti Màmá olómi tútù, tó ní fìríísà ńlá méjì. Alfa àti àbúrò rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ń wà, Under-G sí Tákìé, Tákìé sí Sábó. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan kúrò lábẹ́ ₦200 tó gorí ₦500, wọ́n fara dà á títí ó fi sú wọn. Wọ́n ta kẹ̀kẹ́ elépo, wọ́n ra oníbátìrì.

Bátìrì kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 51.2 V, 100 Ah, ìyẹn 5.1 kWh. Ṣájà kọ̀ọ̀kan ń tú 15 A sínú bátìrì, ó sì ń fa bíi 1,000 W lára ògiri. Ẹ wá kó ṣájà méjì pọ̀ mọ́ fìríísà méjì lórí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 2.5 kVA sí lára, tí èmi tí mo ti tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ̀ pé kò lè ru 2,000 W pẹ́.

Ìdájọ́ Bàbá onílé kò gùn: kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gba iná jẹnẹrétọ̀ mọ́. Alfa bẹ̀bẹ̀, nítorí iná NEPA àdúgbò wa kì í dúró tó nǹkan bíi wákàtí méje tí bátìrì fi ń kún. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù méjì àbọ̀ ló gbà.

Ìlù iná

Iná inú wáyà kì í ṣàn lọ tààrà bí omi ẹ̀rọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí à ń pè ní 50 Hz. Ìlù iná ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ tó ń yí ló ń lu ìlù náà, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé tàbí àwọn ẹ̀rọ olómi ńláńlá tó wà ní Jẹ́bà àti Kàǹjì. Bí ẹrù bá wúwo ju agbára tó ń yí ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ á falẹ̀, ìlù á fà. Bí ẹrù bá já bọ́ lójijì, ẹ̀rọ á sáré, ìlù á yára. Gbogbo ilé tó so mọ́ gíríìdì kan náà ló ń gbọ́ ìlù kan náà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Sókótó. Ẹni tó bá ní etí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i pé gíríìdì ń jìyà.

Òfin gíríìdì Nàìjíríà ní kí ìlù wà láàárín 49.75 àti 50.25 Hz, bí ìnira bá sì dé, kó má jáde láàárín 48.75 àti 51.25. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò kí ẹ̀rọ wọn má baà bàjẹ́, èyí tó bá já á sì tún di ẹrù lé orí àwọn tó kù. Bó ṣe ń wó nìyẹn. Ní ọdún 2024 nìkan, ó wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àìtó iná nìkan kọ́ ló sì ń wó o o: bí òjò àti ìjì bá já wáyà àwọn àdúgbò kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹrù á dínkù jù, ìlù á fò sókè, ẹ̀rọ á tún já.

Fìríísà Màmá kò lè sọ pé òun máa dúró ná. Gílóòbù ẹni tó ń kàwé ìdánwò kò lè dúró. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó gúnlẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí, bí ṣájà rẹ̀ bá sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ta ló máa mọ̀? Ohun tí mo fẹ́ kọ́ nìyí: etí tó máa gbọ́ ìlù, tó máa sọ fún ṣájà pé "rọra."

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta: etí

Mo ní PZEM-004T kan nínú dúrọ́ọ̀, mítà kékeré tó ń ka fóólítì, wáàtì, àti ìlù. Mo so ó, ó kà 50.0. Mo tan ṣájà kan, ó ṣì wà ní 50.0. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá Hz ló ń kà mọ. Ẹni tó ń fi kóńgò wọn wúrà ni. Mo jù ú padà sínú dúrọ́ọ̀.

Mo tú rédíò àtijọ́ kan, mo yọ tiransifọ́mà kékeré inú rẹ̀ tó ń sọ 220 V di 9 V. Láti ibẹ̀ mo gba inú optocoupler PC817, ohun kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ dípò wáyà, kọjá sí ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣe ohun tí mo bá kọ fún un, kí iná ògiri àti ESP32 má baà fojú kanra. Lẹ́ẹ̀kan nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, iná kékeré inú optocoupler á ṣẹ́jú, ESP32 á kọ àkókò sílẹ̀. Bí ìlù 50 bá pé, ó máa wo bó ṣe pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan géérégé, 50 Hz ni. Bí ìlù bá fà bọ́ sí 49.99, ìyàtọ̀ náà á jẹ́ 200 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, ESP32 sì ń ka ìdá mílíọ̀nù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní í ṣì í kà.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ní 73 Hz. Mo rò pé ojú mi ni. Ó tún ní 61, ó tún ní 88. Káfíńtà òdìkejì ló ń fi ẹ̀rọ gé pákó, iná tó ń ta pàrà nínú ẹ̀rọ yẹn ń gba ojú wáyà wọlé, optocoupler sì ń kà á mọ́ ìlù. Ìlù gidi kan gba ìṣẹ́jú àáyá 0.020. Mo kọ ọ́ pé kí ESP32 di etí sí ohunkóhun tó bá dé kí 0.015 tó pé. Káfíńtà lè gé pákó di ọ̀la, kò kàn wá mọ́.

Ohun tí mo wá kà nìwọ̀nyí. Lórí iná NEPA, ní alẹ́ mẹ́rin tí mo fi ṣọ́ ọ, ìlù ń rìn láàárín 49.7 àti 50.5. Lórí jẹnẹrétọ̀: 52.4 bí kò bá gbé nǹkan kan, 51.9 bí fìríísà méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́; bí ṣájà méjèèjì bá wọlé, 48.9, kérora, ikú. Ohun tí etí Bàbá onílé ti ń gbọ́ láti ọdún yìí wá ni ESP32 ń fi nọ́ńbà kọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: pípa ẹ̀kùrọ́

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rọrùn jù, ó sì yẹ kí n ti fura. Rílè kan, ìyẹn súwíìṣì tí ESP32 ń tàn tó sì ń pa, fún ṣájà kọ̀ọ̀kan: bí ìlù bá bọ́ sábẹ́ 50, pa á, bó bá gòkè padà, tàn án. A tan jẹnẹrétọ̀. Ṣájà méjèèjì wọlé, ìlù bọ́ sílẹ̀, rílè pa wọ́n, ara tu jẹnẹrétọ̀, ìlù gòkè, rílè tàn wọ́n, ìlù bọ́ sílẹ̀. Ká, ká, ká, ká, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta. Gílóòbù gbogbo ọgbà ń ṣẹ́jú bí ti ibi ayẹyẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yọrí jáde, ó bi mí bóyá mo fẹ́ pe ẹ̀mí èṣù ni.

Ìlù kan náà ni ṣájà méjèèjì ń gbọ́, òfin kan náà ni mo fún wọn, ni wọ́n ṣe jọ ń ju ẹrù sílẹ̀ tí wọ́n sì jọ ń gbé e. Irú rẹ̀ fẹ́ ṣe Jámánì rí. Nígbà tí sólà orí òrùlé kò tíì pọ̀ níbẹ̀, ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí sólà kọ̀ọ̀kan já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ìlù bá dé 50.2 Hz. Ìgbà tí òrùlé kún fún sólà tán ni wọ́n tó rí i pé bí ìlù bá fi kan 50.2 lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo wọn á jọ já lẹ́ẹ̀kan náà, gíríìdì Yúróòpù á sì gbọ̀n. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń kiri láti tún àwọn tí wọ́n ti gbé sórí òrùlé ṣe, kí wọ́n lè máa dín agbára kù díẹ̀díẹ̀ dípò kí wọ́n já. Àṣìṣe tí Jámánì fi odindi òfin tún ṣe ni èmi náà lọ kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá onílé.

Nítorí náà, kò sí tàn-án-pa-á mọ́. Ṣájà gbọ́dọ̀ máa rọ iná díẹ̀díẹ̀ bí ìlù bá ṣe ń fà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje: inú ṣájà

Mo tú ṣájà Alfa. Nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti ń jáde, rẹsítọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n ń fi súkúrú-dráífà yí, òun ló ń pinnu iye ámpíà tí ṣájà máa tú. Bí mo bá lè fi ESP32 yí i, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ bátìrì ló wà, n kò sì fẹ́ kí wáyà kankan so ibẹ̀ mọ́ ESP32.

Ohun tó gbà mí ni ojú inú gílóòbù sólà títì, èyí tó ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú: LDR. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, iná á rọrùn fún láti kọjá. Bí òkùnkùn bá bò ó, á le. Mo yọ rẹsítọ̀ búlúù kúrò, mo fi òjé jó LDR sí ipò rẹ̀, mo gbé LED funfun kan, gílóòbù kékeré, kọjú sí i, mo ki àwọn méjèèjì sínú ọ̀pá rọ́bà dúdú tó ń sún kì bí iná bá rà á, mo fi ṣáná rà á títí ó fi lẹ̀ mọ́ wọn pinpin. ESP32 ń mú LED mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣú. LDR ń rí i. Ṣájà ń gbọ́ràn. Kò sí wáyà kankan láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni.

Àlébù rẹ̀ ni pé ooru ń yí LDR lọ́kàn padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí inú ṣájà gbóná, 15 A di 17 A láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fi rẹsítọ̀ mìíràn ti LDR lẹ́yìn, tó jẹ́ pé bí LED bá tiẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òòrùn, kò lè kọjá 15.

Òfin tuntun lórí jẹnẹrétọ̀: bí ìlù bá wà ní 51.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gba gbogbo 15 A. Bó bá dé 49.5, má gba nǹkan kan. Láàárín méjèèjì, gba ní ìwọ̀n. Ti NEPA fún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, 50.1 sí 49.6, nítorí gíríìdì kì í yí pòpòrò bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré. Change-over ló ń sọ fún ESP32 èwo ni a wà lórí rẹ̀.

A tàn án. Ohùn jẹnẹrétọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìlù jókòó sí 50.2. Ṣájà kọ̀ọ̀kan ń gba bíi 7 A, kò sí ẹni tó sọ fún èyí pé èkejì wà. Fìríísà Màmá ta kìjí wọlé, ṣájà méjèèjì sún sẹ́yìn kí n tó ka ení, èjì. Fìríísà balẹ̀ tán, wọ́n tún rọra padà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì mo kàn ń wò ó. Ìyàwó mi ní oúnjẹ ti tutù.

Ínfátà tí kì í sọ̀rọ̀

Ọgbà ní ínfátà 3 kVA pẹ̀lú sólà, tí Bàbá onílé fi sí i lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé etí mi máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ náà. Mo gbé fìríísà méjì lé e: 50.00. Mo fi ṣájà kan kún un: 50.00. Mo fi èkejì kún un: 50.00, lẹ́yìn náà pììì, ó pa ara rẹ̀.

Kò sí irin tó ń yí nínú ínfátà. Kírísítálì ló ń lu ìlù fún un, ẹrù kò sì lè fà á lọ́wọ́. Ìlù tó dúró gbọn-in lẹ́nu ẹni tó ń kú lọ. Àwọn ínfátà kan wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìlù sókè kọjá 51 Hz bí bátìrì wọn bá kún, kí sólà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè gbọ́ kó dín agbára kù. Tiwa kì í ṣe irú ẹ̀.

Mo padà sínú dúrọ́ọ̀ lọ bẹ PZEM. Kò lè ka ìlù dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ wáàtì kà. Mo fi òrùka rẹ̀ bọ wáyà tó jáde látinú ínfátà: bí gbogbo ẹrù ọgbà bá ti ń sún mọ́ 2,400 W, ṣájà á máa rọ. Ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ yẹn gbà.

Alfa àti fìríísà

Màmá ló mú abala kejì wá. Ó ní, "Réwáyà, bí iná bá lọ lóru, tí ẹ kò sì tan jẹ́n, omi mi ń yọ́. Ṣé bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ Alfa yẹn kò lè gbé fìríísà mi ni?"

Ó lè gbé e. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2024, ìjì já wáyà ńláńlá ní Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ní Canberra, ọkọ̀ oníná 16 tí yunifásítì ANU ń fi dánra wò gbọ́ ìlù tó ń yí, wọ́n sì tú 107 kW padà sínú gíríìdì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùwádìí náà sọ lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: ilé 90,000 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gba iná wọn lọ́jọ́ yẹn kí gíríìdì lè dúró, ká ní ọkọ̀ 6,000 péré dẹ́kun gbígba iná, wọn ì bá má ti fọwọ́ kan ilé kankan. Títú iná jáde dára, gbogbo ayé ló fẹ́ràn ìtàn yẹn. Jíjáwọ́ lásán ló gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù, etí àti LED kan sì tó o.

Síbẹ̀, Màmá kì í ṣe ẹni tí à ń fi ìtàn Canberra dá lóhùn. Mo fi ínfátà 1,000 W kan tó ń gba 48 V sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Alfa, mo na wáyà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò so mọ́ wáyà ilé rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ dúró síbí díẹ̀. Ẹ má ṣe ki iná kẹ̀kẹ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láéláé. Bí iná NEPA bá lọ, ọmọ èèyàn lè wà lórí òpó tó ń tún wáyà ṣe. Iná tiyín á gba inú tiransifọ́mà àdúgbò, á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóólítì, á lọ bá a lókè. Ínfátà tí wọ́n ṣe láti máa tú iná sí gíríìdì máa ń já fúnra rẹ̀ bí gíríìdì bá ti kú. Tèmi kò mọ ìyẹn, nítorí náà kò gbọdọ̀ rí gíríìdì sójú.

Alẹ́ kejì, àjálù. Mo ti ní kí ínfátà dá dúró bí bátìrì bá bọ́ sí 51 V, mo rò pé ìdajì á ṣì kù. Irú bátìrì yìí, LiFePO4, ẹlẹ́tàn ni: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á dúró ní nǹkan bí 3.2 sí 3.3 V láti ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Sẹ́ẹ̀lì 16 ló wà nínú tiwa. Ìgbà tó fi máa dé 51 V, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kù. Kò tán síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ti gba ojú fèrèsé na wáyà wá sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì Màmá, wọ́n so fáànù, wọ́n so kọ̀ǹpútà, ẹnì kan tiẹ̀ so áyọ́ọ̀nù.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alfa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn mí. "Réwáyà, ṣé fìríísà lo fẹ́ kí n máa gbé lọ sí Sábó ni?"

"Ẹ má bínú, Alfa. Ẹ̀bi mi ni."

Ọjọ́ yẹn ni mo san owó ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lápò ara mi. Mo wá fi shunt sí ìdí bátìrì, tó ń ka iná tó wọlé àtèyí tó jáde bí olówó ṣe ń ka owó, dípò wíwo fóólítì. Òfin Alfa fúnra rẹ̀ la kọ sínú rẹ̀: kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ tú ju 1 kWh jáde lóru, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá. Fìríísà kan ń rí iná mu títí ilẹ̀ fi ń mọ́, èkejì ń fi yìnyín ara rẹ̀ gbéra. Màmá ń fún Alfa ní àpò omi kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí iná bá lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà nínú àpótí onírin, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn Màmá.

Ibi tí a dé

Oṣù kan rèé tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì kú lójú ẹrù. Bàbá onílé ti gba kẹ̀kẹ́ padà sórí rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa dá owó epo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì ń jà lọ́nà Ìlọrin, ìlù NEPA fò dé 50.7, ṣájà méjèèjì ń gba ẹ̀kún iná. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, iná lọ. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ESP32.

Ìṣòro tó kù ni àbúrò Alfa. Mo fi bọ́tìnì pupa kan sára ṣájà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá ní ìrìn kánjúkánjú: bí o bá tẹ̀ ẹ́, ṣájà ò ní gbọ́ ìlù mọ́, á máa gba gbogbo 15 A fún wákàtí kan. Alfa kò tẹ tirẹ̀ rí. Àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lálaalẹ́. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi mọ̀ pé bí òun bá yọ ṣájà kúrò lára ògiri tí òun tún ki í padà, ESP32 á gbàgbé iye ìgbà tí òun ti tẹ̀ ẹ́. Lọ́la ni mo fẹ́ máa kọ iye náà pamọ́ síbi tí yíyọ kò ti lè pa á rẹ́. Mo sì ti rí i tó ń wo rẹsítọ̀ inú ṣájà.